Ẹni Tó Gbé Fúláàsì Kì í Dọ̀bálẹ̀

Ìlú méjì ni wọ́n ti pè mí ní ọmọ tí wọn ò kọ́. Ìlobù ni àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n bí mi sí. Ìfọ́n ni èkejì, níbi tí wọn ò ti fẹ́ rí ọmọ Ìlobù sójú nígbà náà. Mo gba orúkọ náà, mo sì jẹ ẹ́ fún ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣiṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ máa ń yà lọ́dọ̀ mi láti béèrè irú iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní tan yín pé iṣẹ́ ìlera dùn. Ohun tó fojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí èmi náà fi ojú ẹlòmíràn rí.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Mo ka ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà tán, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń wá ọ̀dọ́ tó lè kọ̀wé tó sì lè gun kẹ̀kẹ́. Mo lè ṣe méjèèjì. Owó oṣù náà ò tó ohun tí à ń pìtàn.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Ògúndélé. Ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní Olóde, ti jẹ ojú rẹ̀ ní kékeré, ó fi ihò sí i bí ilẹ̀ tí òjò ńlá rọ̀ lé. Kò bo ojú náà fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá dé abúlé tí Olóde ti ń jà, tí gbogbo èèyàn ń sá sẹ́yìn, òun nìkan ló máa ń wọ yàrá lọ bá aláìsàn, á jókòó tì í lórí ẹní. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kò bẹ̀rù. Ó ní, “Èmi àti ẹ̀ ti jà rí. Ara mi mọ ojú ẹ̀. Kò lè wọlé mi lẹ́ẹ̀mejì.”

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, kí n tó ka ìwé kankan. Ara máa ń rántí. Ẹni tó bá ti bá a jà, tí kò pa á, á dá a mọ̀ títí ayé.

Ṣùgbọ́n ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gá Ògúndélé ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan apá èèyàn. Mo ń se abẹ́rẹ́ nínú omi lórí sítóòfù, mo ń ka iye ìṣẹ́jú tó fi hó. Bí mo bá ṣì í kà, a ó da omi nù, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọsàn ni mo kọ́kọ́ gún, lẹ́yìn náà igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ta sí mi láṣọ, á ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ olówó ni mo ta sílẹ̀ yẹn, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ igi náà. Mo sì ń tọrọ ọ́, lójú àwọn obìnrin tó ń re odò, tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé akọ̀wé ń bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó le jù ni ti yìnyín. Òògùn èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ìyẹ̀fun ni nínú ìgò kékeré, a máa ń fi omi tirẹ̀ pò ó. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kòkòrò èéyi fúnra rẹ̀, tí wọ́n ti lù títí tó fi rọ. Ó gbọ́dọ̀ wà láàyè kó tó wúlò, bẹ́ẹ̀ ooru sì ń pa á kíákíá. Nítorí náà inú fíríìjì oníkẹrosíìnì ní Òṣogbo ló ń gbé, inú fúláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò tó kún fún yìnyín ló sì fi ń rìn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ kọ́ mi ní èyí, ó fi yìnyín kan sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n dúró sínú oòrùn. Ó ń dùn mí, ó ń jó mi, omi ń kán sílẹ̀. Nígbà tí kò ku nǹkan kan mọ́, ó bi mí pé kí ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ní omi.

Ó ní, “Rárá. Òkú ni.”

Ibẹ̀ ni òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ti wá: ẹni tó gbé fúláàsì kì í dọ̀bálẹ̀. Kì í gbé e kalẹ̀ kó máa kí èèyàn, kì í ṣí i fún ẹni tó fẹ́ wò ó. Ìkíni wa kì í ṣe ohun kékeré, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí mo bá kí bàbá kan, á bi mí léèrè ilé, á bi mí léèrè ọ̀nà, á ki oríkì mi, èmi á wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Agbo ilé mẹ́wàá ní àárọ̀ kan, yìnyín á ti di omi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo kọ́kọ́ ṣe é sí. Bàbá náà jókòó níwájú ilé wa ní Ìlobù, mo dé pẹ̀lú ọ̀gá, fúláàsì wà léjìká mi. Mo fẹ́ gbé e kalẹ̀, ọ̀gá wò mí. Mo bá dúró gbagidi, mo tẹ orí ba. Bàbá wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó bi mí pé ṣé irin ni ìjọba fi rọ́pò eegun ẹ̀yìn mi ni. Mo padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́yìn iṣẹ́, kò dá mi lóhùn. Odindi oṣù kan ni kò fi dáhùn ìkíni mi.

Mo sọ fún ọ̀gá pé ojú ń tì mí. Ó ní, “Jẹ́ kí wọ́n máa bú ẹ. Ọmọ tó bá yè á bá wọn bú ẹ.”

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Ọ̀bẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń bupá nígbà àwọn bàbá wa ti lọ kí n tó dé. Ìbọn abẹ́rẹ́ ni mo bá, tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí agbára tó wọ̀ ọ́. Kò ní ṣóńṣó, òògùn ló ń tú jáde bí atẹ́gùn, ó ń wọ ara láìgún un. Ariwo rẹ̀ nìkan ti tó láti fọ́n ọmọ odindi ilé ẹ̀kọ́ ká sínú igbó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ olórí méjì dé fún Olóde, tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, tó sì ṣiṣẹ́ ju ìbọn lọ. Kò pẹ́ sí i, Olóde kógbá wọlé ní ilẹ̀ wa. Ẹ máa rí àpá abẹ́rẹ́ rẹ̀ lápá àwọn òbí yín. Àpá yẹn ni ẹ̀rí pé ara ti kẹ́kọ̀ọ́: ojú abẹ́rẹ́ á wú, á ṣomi, á gbẹ. Bí kò bá wú, a mọ̀ pé kò jẹ́, a ó tún un ṣe.

Abẹ́rẹ́ èéyi ò ní àpá. Èyí tó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́, bákan náà ni apá ọmọ á ṣe wà láìní àmì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní í dá ẹjọ́ rẹ̀ níbí. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí wọ́n fi Ìfọ́n kún ọ̀nà tèmi, àwọn ará ilé mi ní kí n má lọ. Mo lọ. Agbo ilé kan wà níbẹ̀ tí Bàbá Àkànní jẹ́ olórí rẹ̀, àgbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyá Kùmásí ni wọ́n ń pè é. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n lé dé láti Gánà ní 1969, ó wá ń ta aṣọ àti ìkòkò ní agbo ilé bàbá rẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní ọmọ-ọmọ méjì lọ́dọ̀, Síkírá tó ń lọ sí ọdún mẹ́ta, àti Làsísì, ọmọ ọwọ́. Ó sọ fún Bàbá Àkànní pé òun lòun máa dúró fún ọmọ Ìlobù yìí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Ògúndélé sí ibòmíràn. Èmi nìkan ni.

Mo wọlé. Àwọn àgbà jókòó. Gbogbo ojú wà lára mi, ọmọ Ìlobù pẹ̀lú ẹrù tó ní ìdérí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró gbagidi lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní Ìlobù ló rán mi wá rí wọn fín. Mo gbé fúláàsì kalẹ̀, mo na gbọọrọ. Bàbá Àkànní kí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nǹkan tó wà nínú ẹrù ẹ, ṣí i ká rí i.”

Àṣà agbo ilé wọn ni: ẹrù tó bá ti ibi tí ìjà wà wá, ṣíṣí ló ń wà títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Ẹni tó bá bò ó kí ọ̀rọ̀ tó parí ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Mo ṣí i. Wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ti ilẹ̀, wọ́n sọ ti bàbá bàbá mi tí ọ̀kan nínú wọn mọ̀, a rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi nínú. Òjìji òrùlé ń fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, oòrùn ti gun orí fúláàsì, ó ti ń wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo kànga.

Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí iṣẹ́ ayé mi wà rèé. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Kí n da á nù, kí n bẹ̀ wọ́n pé mo ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn ìyá tó to ọmọ kalẹ̀, mo wo Ìyá Kùmásí tí inú rẹ̀ ń dùn, mo rò ó pé bí mo bá jáde láìgún ẹnì kan, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ó ṣì tutù díẹ̀. Mo gún gbogbo wọn. Síkírá ò tilẹ̀ sunkún. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, wọ́n fi iṣu ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, èéyi wọ Ìfọ́n. Ó wọ agbo ilé yẹn bí ẹni pé kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí. Ojú pọ́n, ikọ́ dé, ara ọmọ sú láti orí dé ẹsẹ̀. Síkírá là á já. Ara rẹ̀ ti ń bó, ó ti ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ gbuuru tí kò yẹ kó pa ọmọ náà ló pa á.

Ìyá Kùmásí fẹsẹ̀ rìn wá bá mi ní Ìlobù. Kò sunkún, kò pariwo. Mo fún un lómi, kò mu ún. Ó ní, “Mo wá bi ẹ́ ní nǹkan kan péré. Ohun tó o gún sí wọn lára, ṣé ó dáa?” Ó wò mí pẹ́, ó dìde, ó sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni òṣìṣẹ́ àgbà kan wá sí Òṣogbo nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ti kọ ìwé tán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àrùn ti wà lára àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó gbabẹ́rẹ́, pé àwọn òbí ló fi pamọ́. Kí n ṣáà buwọ́ lù ú. Ó ní ààbò tèmi ni. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí kò sọ ló bà mí lẹ́rù: orúkọ gbogbo ọmọ yẹn ṣì wà nínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti gbabẹ́rẹ́. Làsísì àti ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ni èéyi ò tíì mú. Bí mo bá fi lè buwọ́ lu ìwé yẹn, kò sí ẹni tó máa padà lọ gún wọn láéláé. Èéyi nìkan ló máa padà lọ.

Mo sọ fún un pé mi ò buwọ́ lù ú. Mo ní èmi ni mo pa òògùn náà, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ní, “Ẹ lé mi, sà. Ẹ ṣáà fún wọn ní òògùn tuntun kẹ́ ẹ tó lé mi.”

Ó bínú jáde. Ọ̀gá Ògúndélé wà nídìí fíríìjì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí ta ló ṣí fúláàsì. Mo ní èmi ni. Ó bi mí ṣé mo mọ̀ pé ó ti kú kí n tó gún wọn. Mo ní mo mọ̀. Mo rò pé á gbá mi létí. Kò gbá mi, èyí sì dùn mí ju ìgbátí lọ. Ó kàn ṣí fíríìjì, ó to ìgò tuntun sínú yìnyín, ó dé fúláàsì náà pa, ó fi aṣọ tútù wé e, ó gbé e lé mi léjìká. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ tirẹ̀ sí ìwé tí a fi ń gba òògùn jáde, kí wọ́n lè rí ẹni tí wọ́n máa bi.

Mo dé Ìfọ́n ní àárọ̀. Àwọn àgbà wà níwájú ilé. Mo dúró gbagidi. Ẹnì kan ní ẹ wo ọmọ Ìlobù, ó pa wá lọ́mọ, ó tún wá dúró lé wa lórí bí òpó.

Mo ní, “Ẹ má bínú. Ẹni tó gbé fúláàsì kì í dọ̀bálẹ̀, mi ò sì ní í ṣí i títí ẹ ó fi kó ọmọ jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ níjọ́sí, mo sì ṣí i. Ohun tó pa Síkírá nìyẹn.”

Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mo ní kòkòrò èéyi ò ní ààrò, kò ní ìkòkò. Kò lè dá bímọ. Inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tí Ọlọ́run fi kọ́ ara wa, ló ń wọ̀, iná onílé ló fi ń se oúnjẹ tirẹ̀, títí ọmọ rẹ̀ á fi kún yàrá tí wọ́n á ya jáde lọ sí yàrá kejì. Ara ní àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tá yìí gbọ́n: àwọn ọdẹ gan-an ló kọ́kọ́ ń wọ̀ lára, wọ́n á máa gbé e kiri láìmọ̀. Èyí tó sì burú jù, ó ń pa àwọn ọdẹ àgbà, àwọn tó mọ ojú ọ̀tá àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń là á já tí ìgbẹ́ gbuuru á wá mú un lọ lẹ́yìn. Ìyá àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, wọ́n ní kí á máa ṣọ́ ọmọ lẹ́yìn èéyi. Wọn ò kàn mọ ìdí rẹ̀ ni. Mo ní abẹ́rẹ́ yìí, olè tí a ti lù, tí a dè lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ni, tí a mú wá han àwọn ọdẹ láàyè kí wọ́n lè mọ ojú rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé.

Bàbá Àkànní wo ẹrù èjìká mi. Ó ní, “Nítorí náà, òkú olè lo gbé wá fún wa níjọ́sí.”

“Òkú olè ni, bàbá. Ọwọ́ mi ló kú sí.”

“Èmi ni mo ní kó o ṣí i.”

“Ẹ̀yin ò mọ̀, bàbá. Èmi mọ̀.”

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n lé mi dànù. Mo ní wọ́n lè lé mi, mo ní wọ́n lè lù mí pàápàá, ṣùgbọ́n kí wọ́n gba ohun tó wà léjìká mi ná. Ìgbà náà ni Ìyá Kùmásí jáde láti inú ilé. Ó gbé Làsísì lọ́wọ́, ó ti bọ́ ẹ̀wù ọmọ náà. Kò wò mí lójú. Ó kàn na apá ọmọ náà sí mi.

Bàbá Àkànní dìde. Òun nìkan ló wà lábẹ́ ibòji, níbi tí ògiri ti ṣíji bo ilẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó gbé e sínú oòrùn, ó jókòó. Ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tó dìde, ó ní, “Gbé e síbẹ̀.”

Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá ń bọ̀ ní Ìfọ́n, wọ́n á ti kúrò lábẹ́ ibòji kí a tó dé. Mo gbọ́ tí ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí pé kó má retí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́dọ̀ alábẹ́rẹ́, wọn ò kọ́ ọ. Inú mi dùn.

Ìjọba ò lé mi. Wọ́n dá mi padà sí ẹni tó ń se abẹ́rẹ́ fún ọdún méjì. Mo sè é, mo ń ka ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà mo di ọ̀gá, mo kọ́ àwọn mìíràn, mo fi yìnyín sí wọn lọ́wọ́ nínú oòrùn. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wa, síríńjì tí a ń sè náà lọ. Èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń jù nù dé. Kúlà rọ́pò fúláàsì. Àmì kékeré wà lára ìgò báyìí tó ń ṣú bí ooru bá ti bà á, kò sí ẹni tó lè pa irọ́ tí mo pa fún ara mi mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò gbà tó ọdún kan, ó sì ti pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ kejì tí mo fẹ̀yìn tì, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìfọ́n, kò sí nǹkan kan léjìká mi. Bàbá Àkànní ti kú. Ìyá Kùmásí jókòó níwájú ilé, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀. Ó bi mí pé fúláàsì ńkọ́. Mo ní mo ti gbé e sílẹ̀, màmá.

Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Dìde. Àṣé wọ́n kọ́ ẹ.”

Mo ní, “Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀, màmá. Ọjọ́ kan péré ni mo hùwà ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ sì mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ yín.”

Ó na ọwọ́ títí ó fi kan orí mi, ó sì pe Làsísì nínú ilé, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, pé kó gbé àga wá fún àlejò, kó gbé e sábẹ́ ibòji.